Àlọ́ ni wọ́n ń pa: bí ẹ ṣe lè máa gba ìbéèrè ìtàn Amẹ́ríkà nínú Jeopardy!

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ dójú tì mí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Atọ́kùn ètò ń ka ọ̀rọ̀ kan lọ lórí tẹlifíṣàn, pé ààrẹ yìí ni wọ́n yìnbọn fún níbi tó ti ń wo eré orí ìtàgé ní Washington lọ́dún 1865. Kò tíì kà á tán tí mo ti pariwo "Lincoln!" láti orí àga. Mo ti ń wo ìyàwó mi lójú pé ṣé ó gbọ́. Ọmọ náà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà yẹn, ní, "Dádì, wọn ò ní fún yín lówó yẹn o. Ẹ ò fi ìbéèrè dáhùn."

Òfin tó mú mi nìyẹn. Nínú Jeopardy!, ètò ìdíje ìmọ̀ kan lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, ìdáhùn ni wọ́n máa ń kà sí yín létí, ẹ̀yin lẹ máa wá ìbéèrè tó bá a mu: "Ta ni Lincoln?" Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi bí eré òmùgọ̀, àfi ọjọ́ tí mo rántí ìyá ìyá mi. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà ni. Màmá kò bi wá pé oúnjẹ wo ló lójú dúdú. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ ká máa họ orí. Àlọ́ àpamọ̀ pọ́nńbélé ni Jeopardy!, àfi pé dọ́là ló wà nídìí tiwọn. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń gbà á.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, n kì í ṣe olùkọ́ ìtàn. Ọ̀nà tí èmi gbà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ìtàn Amẹ́ríkà ni mo sì dojú kọ, torí òun ni wọ́n máa ń gbé wá lemọ́lemọ́, òun náà ni àwa tí wọn ò bí síbẹ̀ máa ń sá fún.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ pátákó wọn

Ẹni mẹ́ta ló ń díje. Ẹ̀ka mẹ́fà ló wà lórí pátákó, àlọ́ márùn-ún sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní abala kìíní, 200 dọ́là ni ti òkè pátápátá, 1,000 dọ́là ni ti ìsàlẹ̀. Ní abala kejì, ìlọ́po méjì ni gbogbo rẹ̀, láti 400 dé 2,000. Àlọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kásẹ̀ eré nílẹ̀: olúkúlùkù á kọ ìdáhùn tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, tí orin kan tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ á sì máa dún lábẹ́lẹ̀. Àlọ́ 61 ni lápapọ̀ bí àkókò bá tó wọn. Bí ẹ bá gbà á, owó wọlé. Bí ẹ bá ṣì í, iye yẹn gan-an ni wọ́n máa yọ lára yín, ẹ sì lè wọ gbèsè.

Ẹni tó bá ti ń wo Who Wants to Be a Millionaire tí Frank Edoho ṣe fún wa nílé á ti rí ìyàtọ̀. Kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n máa tò sílẹ̀ fún yín, kò sì sí ọ̀rẹ́ tí ẹ máa pè lórí fóònù.

Bí wọ́n ṣe yí i sódì bẹ́ẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé àwọn tó ń ṣe ètò ìdíje kan lórí tẹlifíṣàn máa ń yọ́ fún ẹni tó bá wù wọ́n ní ìdáhùn ṣáájú. Ariwo sọ, ilé aṣòfin dá sí i, ojú sì ti gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Merv Griffin, ẹni tó dá Jeopardy! sílẹ̀, fẹ́ ṣe tuntun, ẹ̀rù ń bà á. Ìyàwó rẹ̀, Julann, ló ní kí wọ́n kúkú fún gbogbo wọn ní ìdáhùn ní gbangba, kí wọ́n máa wá ìbéèrè. Ó gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ fún un: 5,280. Ìbéèrè rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà nínú máìlì kan? Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1964 ni ètò náà kọ́kọ́ jáde lórí NBC, Art Fleming ló ń tọ́kùn rẹ̀. Èyí tí à ń wò lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1984 lọ́wọ́ Alex Trebek, tó wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Ken Jennings tó wà níbẹ̀ báyìí, òun náà ti díje rí. Ní 2004, ìgbà 74 ló borí léra wọn kí ẹnì kan tó dá a dúró.

2. Ẹ wá "yìí" nínú àlọ́ náà

Bí ẹ ò bá ní ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

Nínú àlọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń nàka sí ohun tí wọ́n ń wá: ààrẹ yìí, ìpínlẹ̀ yìí, ogun yìí, obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí etí yín wá a kí ẹnu yín tó sáré. Ẹ wo èyí tí mo ṣe fúnra mi:

"Lọ́dún 1867, akọ̀wé ìjọba yìí ra ilẹ̀ kan lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní mílíọ̀nù 7.2 dọ́là, àwọn èèyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé yìnyín ló lọ rà."

Ọ̀pọ̀ ló máa pariwo Alaska. Alaska ni ilẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ padà wo ibi tí "yìí" so mọ́. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n ń wá. Ta ni William Seward? Ẹni tó dáhùn Alaska mọ ìtàn náà dáadáa, wọ́n sì máa yọ owó rẹ̀.

Lẹ́yìn "yìí", ẹ wá ìkọ́. Ọdún, orúkọ ìlú, ọ̀rọ̀ kan tó ṣàjèjì, èyíkéyìí nínú wọn lè jẹ́ ìkọ́. Àlọ́ tó bá ṣòro kì í sábà jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ṣàjèjì. Ìdáhùn tí gbogbo ayé mọ̀ ni, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé. Bí wọ́n bá ní ìpínlẹ̀ kékeré yìí ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní oṣù Kejìlá ọdún 1787, "kọ́kọ́" ni ìkọ́. Delaware ni. Bí wọ́n bá sì fi àmì àyọlò sára ọ̀rọ̀ kan nínú orúkọ ẹ̀ka, ẹ má fojú fo ó, torí ọ̀rọ̀ yẹn tàbí lẹ́tà yẹn gan-an ló máa wà nínú ìdáhùn.

Ẹ̀rọ pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, kọ̀ǹpútà IBM tí wọ́n ń pè ní Watson bá Ken Jennings àti Brad Rutter díje. Ẹ̀ka tó kẹ́yìn ní alẹ́ kan jẹ́ àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Àlọ́ náà ní pápákọ̀ òfurufú tó tóbi jù nínú ìlú yìí ń jẹ́ orúkọ akọni kan nínú Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tó tẹ̀lé e sì ń jẹ́ orúkọ ibi ìjà kan nínú ogun ọ̀hún. Chicago ni: O'Hare jẹ́ awakọ̀ òfurufú ológun ojú omi, Midway sì ni ibi tí Amẹ́ríkà ti na Japan lójú omi ní 1942. Watson kọ Toronto sílẹ̀, ó fi àmì ìbéèrè márùn-ún tì í. Toronto, Kánádà! Àwọn méjì tó jẹ́ èèyàn gbà á. Ẹ̀rọ náà kò ka orúkọ ẹ̀ka sí ohun gidi kan, ìyẹn ló fi jìn sí kòtò. Ohun tó yọ ọ́ ni pé 947 dọ́là péré ló fi lé e.

3. Ẹ fún ààrẹ kọ̀ọ̀kan ní oríkì

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń há àwọn ààrẹ sórí láti orí Washington wálẹ̀ bíi tábìlì ìsirò. Èmi náà ṣe é, mo lẹ orúkọ wọn mọ́ inú ọkọ̀ mi. Kò ràn mí lọ́wọ́, torí kò sí àlọ́ tó ní kí ẹ kà wọ́n ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ohun tí àlọ́ máa ń sọ ni oríkì: nǹkan kan tí ààrẹ yẹn ṣe, tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí i, tí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Torí náà mo ya bébà, mo kọ orúkọ sí iwájú, mo kọ oríkì sí ẹ̀yìn. Díẹ̀ nínú wọn rèé.

William Henry Harrison, a-joyè-oṣù-kan. Ó gorí àga ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1841, ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Grover Cleveland, a-lọ-tún-bọ̀: ààrẹ ìkejìlélógún ni, òun náà ni ìkẹrìnlélógún. Ẹni tó jókòó sáàárín ìgbà rẹ̀ méjèèjì ni Benjamin Harrison, ọmọ ọmọ a-joyè-oṣù-kan. Trump ló tún ṣe bíi ti Cleveland, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka ààrẹ dé 47 nígbà tó jẹ́ pé èèyàn 45 ló ti jẹ ẹ́. James Buchanan, àpọ́n tí kò gbéyàwó rí láyé. William Howard Taft, ẹni tó ṣe ààrẹ tán tó tún di adájọ́ àgbà ilé ẹjọ́ tó ga jù. Gerald Ford, ẹni-a-ò-dìbò-fún: igbákejì ààrẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1973, wọ́n fi Ford rọ́pò rẹ̀, Nixon náà tún fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, Ford bá di ààrẹ láìjẹ́ pé ará Amẹ́ríkà dìbò yàn án sí ọ̀kankan nínú ipò méjèèjì. Franklin Roosevelt, a-wọlé-lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Calvin Coolidge. Ilé bàbá rẹ̀ ní abúlé kan ní Vermont ló ti lọ sinmi ní oṣù Kẹjọ ọdún 1923 nígbà tí ìròyìn dé lóru pé ààrẹ Harding ti kú. Bàbá rẹ̀ láṣẹ láti gba ìbúra lọ́wọ́ èèyàn lábẹ́ òfin. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta kù díẹ̀ òru, lábẹ́ iná àtùpà kẹrosíìnì, bàbá búra fún ọmọ, ọmọ di ààrẹ Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ti gbọ́ àtùpà, tàbí bàbá, tàbí Vermont, ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ kó àwọn tó kú sórí àga jọ sójú kan. Mẹ́jọ ni wọ́n, ìbọn ló pa mẹ́rin: Lincoln ní 1865, Garfield ní 1881, McKinley ní 1901, Kennedy ní 1963. Ẹ so ẹni tó rọ́pò wọn mọ́ wọn. Andrew Johnson ló rọ́pò Lincoln, Johnson mìíràn ló rọ́pò Kennedy. Arthur ló gba ti Garfield, Theodore Roosevelt ló gba ti McKinley. Andrew Johnson yẹn kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ilé aṣòfin fẹ̀sùn kàn láti yọ nípò, ní 1868. Ìbò kan ṣoṣo ló yọ ọ́.

Orúkọ ìdílé máa ń dá wàhálà sílẹ̀, àwa tá a mọ iyì ẹbí ló yẹ kó tètè yé. Adams méjì, bàbá àtọmọ. Bush méjì, bàbá àtọmọ. Harrison méjì, bàbá àgbà àti ọmọ ọmọ. Roosevelt méjì, ìbátan tó jìnnà. Johnson méjì, wọn ò tan rárá. Orúkọ ìdílé nìkan tó láti fi dáhùn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn ní "Ta ni Roosevelt?", atọ́kùn máa ní kí ẹ ṣàlàyé èwo nínú wọn.

Ẹ tún rántí ọjọ́ 4 oṣù Keje. Ọjọ́ náà ní 1776 ni wọ́n gba ìkéde òmìnira wọlé. Nígbà tó pé 50 ọdún géérégé, ní 1826, Thomas Jefferson àti John Adams kú lọ́jọ́ kan náà. James Monroe tún kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1831. Àwọn tó ń kọ àlọ́ kì í lè fi èyí sílẹ̀.

Millard Fillmore nìkan ló ṣì ń bá mi jà. Òun ló rọ́pò Zachary Taylor tó kú ní 1850, ó rán ọ̀gá ológun ojú omi kan tó ń jẹ́ Perry lọ sí Japan, síbẹ̀ kò sí oríkì tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kàn mi.

4. Ìwé òfin: nọ́mbà mẹ́jọ péré

Àtúnṣe 27 ló wà nínú ìwé òfin wọn. Ẹ má há gbogbo rẹ̀. Mẹ́wàá àkọ́kọ́, lọ́dún 1791, ni wọ́n jọ ń pè ní Bill of Rights. Ìkẹtàlá (1865) fòpin sí oko ẹrú, ìkẹrìnlá (1868) sọ ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ di ọmọ ìlú, ìkẹẹ̀ẹ́dógún (1870) ní wọn ò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ ara du èèyàn ní ìbò. Ìkejìdínlógún fòfin de ọtí, ìkọkànlélógún (1933) dá ọtí padà. Obìnrin gba ìbò nínú ìkọkàndínlógún (1920). Ìkejìlélógún (1951) ní kí ààrẹ má wọlé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, Roosevelt a-wọlé-lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló fà á. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n (1971) fún ọmọ ọdún 18 ní ìbò.

Ẹni tó bá ti ka ìwé ìbéèrè tí ìjọba ń fún àwọn tó fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú ti mọ ìdajì èyí. Ẹ má sọ ìwé yẹn nù lẹ́yìn tí ẹ bá ti búra. Ó tó láti fi kó àlọ́ 200 àti 400 dọ́là.

5. Ẹ fi ojú lásán kọ́ ọ

Ẹ tú pọ́ọ̀sì yín wò. Washington wà lórí dọ́là kan, Jefferson lórí méjì, Lincoln lórí márùn-ún, Hamilton lórí mẹ́wàá, Jackson lórí ogún, Grant lórí àádọ́ta, Franklin lórí ọgọ́rùn-ún. Méjì nínú wọn kò ṣe ààrẹ rí: Hamilton àti Franklin. Mo ti rí èyí lórí pátákó ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, nọ́mbà ọkọ̀. Èmi tí mò ń wà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ilé ìwé mi. Ti Delaware kọ ọ́ pé àwọn ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ti Illinois ní ilẹ̀ Lincoln làwọn. Ti Ohio ní ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n bí ọkọ̀ òfurufú sí, ti North Carolina ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti kọ́kọ́ fò. Àwọn méjèèjì ò parọ́: Ohio ni àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ti ṣe é, etíkun North Carolina ni wọ́n ti gbé e fò lọ́dún 1903. Ọjọ́ tí mo rí ọkọ̀ méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà, tí mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ta ló ń purọ́ nínú wọn, ni mo mọ ìtàn náà.

Ti ilẹ̀ rírà, ẹ mú méjì: Louisiana lọ́wọ́ Faransé ní 1803, mílíọ̀nù 15 dọ́là, Jefferson ló rà á, Alaska lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní 1867. Hawaii ni ìpínlẹ̀ tó wọlé gbẹ̀yìn, ní 1959, ọdún kan náà tí Alaska wọlé. Ti ogun abẹ́lé, ẹ mú mẹ́ta: Fort Sumter ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1861, Gettysburg ní oṣù Keje ọdún 1863, Appomattox ni Lee, ọ̀gágun ìhà gúúsù, ti túúbá fún Grant, ọ̀gágun ìhà àríwá, ní oṣù Kẹrin ọdún 1865. Ó tó.

6. Ibi tí ìtàn náà ti kan ilé wa

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí ló kàn wọ́n nínú ìtàn òyìnbó. Mo máa ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kan.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní wọn ò gbọdọ̀ kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Alabama, Timothy Meaher, bá èèyàn ta tẹ́tẹ́ pé òun á kó wọn wọlé lábẹ́ imú ìjọba. Ó rán William Foster lọ pẹ̀lú ọkọ̀ Clotilda. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Dahomey tó di Benin lónìí, ó ra èèyàn tó tó 110, ó kó wọn dé Mobile ní oṣù Keje ọdún 1860. Lóru ni wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà sínú odò kí ẹ̀rí má baà sí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wá ń jẹ́ Kossola. Ẹ tún orúkọ yẹn pè, ẹ fi etí ilé gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní ọmọ Yorùbá agbègbè Bantè ni, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Cudjo Lewis. Ọdún márùn-ún ló fi sìn kí ogun abẹ́lé tó parí. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, kò sówó ọkọ̀. Wọ́n bá ra ilẹ̀ lẹ́bàá Mobile, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, wọ́n ń pè é ní Africatown títí dòní. Kossola kú ní 1935. Ní 2019, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí òkú ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò Mobile.

Bí ẹ bá gbọ́ Alabama, 1860, àti ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú àlọ́ kan, ẹ má dúró ro ó. Mo ti gba ti 1,600 dọ́là lórí rẹ̀ nínú yàrá mi, mo dìde dúró láti dáhùn.

7. Bọ́tìnnì

Mímọ̀ nìkan kò tó. Wọn ò jẹ́ kí ẹ tẹ bọ́tìnnì títí atọ́kùn fi máa kà á dé òpin. Iná kan á tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, nígbà náà lọ̀nà ṣí. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú iná, ẹ̀rọ máa tì í pa fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn sì tó kí ẹlòmíràn gbé e lọ. Ẹ mú bírò tó ń dún "kẹ́" lọ́wọ́ bí ẹ bá ń wò ó nílé. Ẹ fi ojú kà á tán kí atọ́kùn tó kà á tán, kí ẹ sì tẹ bírò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Kí ẹ tún fi "ta ni" tàbí "kí ni" bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì wọ́n lò, tí ẹ ní "Kí ni George Washington?", wọ́n á gbà á. Ìbéèrè ṣá ni wọ́n fẹ́.

8. Owó tí ẹ máa fi lé e

Àlọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi Daily Double pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní abala kìíní, méjì ní abala kejì. Ẹni tó bá ṣí i nìkan ló máa dáhùn, òun náà ló máa sọ iye tó fi lé e, láti 5 dọ́là dé gbogbo ohun tó ní. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka ààrẹ, èmi á fi gbogbo rẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ orin òyìnbó, 5 dọ́là.

Ti àlọ́ ìkẹyìn gba ìsirò. Wọ́n á sọ orúkọ ẹ̀ka, ẹ máa kọ iye yín sílẹ̀, kí ẹ tó rí àlọ́. Ká ní ẹ ní 14,000, ẹni tó tẹ̀lé yín ní 9,000. Bó bá fi gbogbo tirẹ̀ lé e tó sì gbà á, 18,000 ló máa ní. Nítorí náà 4,001 lẹ máa fi lé e, kí ẹ lè fi dọ́là kan jù ú. Ká ní 20,000 lẹ ní, tirẹ̀ ò lè kọjá 18,000, ẹ má ṣe fi ju 1,999 lé e. Mo ti rí ẹni tó ní irú èyí lọ́wọ́ tó tún fi owó ńlá sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ó ṣì í. Inú bí mi bíi pé owó mi ni.

9. Ẹ ṣe tiyín sí yàrá ìgbàlejò

Bébà 30, gọ́ọ̀mù, ògiri. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ẹ̀ka mẹ́ta, kí àgbà kọ mẹ́ta. Kíkọ àlọ́ ń kọ́ni ju dídáhùn rẹ̀ lọ, torí ẹ máa ní láti wá "yìí" àti ìkọ́ fúnra yín. Nínú ilé tiwa, a máa ń gba "Ta ni?" àti "Kí ni?" ní Yorùbá, bí ìyá ìyàwó mi bá sì wá kí wa, ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Ẹ̀gbá, kí wọ́n má baà bínú.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ díje ní tòótọ́, ìdánwò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ti pé ọdún 18: àlọ́ 50, ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ẹ ò nílò "ta ni", ìdáhùn nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Culver City ní California ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀, eré márùn-ún lọ́jọ́ kan, nítorí náà wọ́n máa ń ní kí ẹ kó aṣọ pààrọ̀ dání. Ẹni tó bá ṣe ìkejì máa gba 3,000 dọ́là, ìkẹta 2,000.

Agolo Milo kan wà lórí fíríìjì wa. Gbogbo bébà tí ẹnikẹ́ni bá ṣì nínú ilé, inú rẹ̀ là ń jù ú sí. Ní alẹ́ Sátidé, a óò da á sórí tábìlì, èyí tí ẹ bá gbà, ẹ fà á ya, èyí tí ẹ ò gbà, ó padà sínú agolo. Lincoln ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Fillmore ṣì wà níbẹ̀.